Fóònù Tí Màmá Mi Fi Ń Wúkọ́

Nígbà tí ìjà ilẹ̀ Bakassi láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù dé, oúnjẹ ni màmá mi bá yan odì. Ìjà ọ̀hún ò kàn wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n wà. Ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn jìnnà sí wọn kọjá àfẹnusọ. Inú irà ni, níbi tí ẹja ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n èmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Douala ni mo wà, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Mò ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi, ọkọ mi wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì bí gbogbo ọmọ mi sí. Lójú màmá mi, Kamẹrúùnù ò ju àgbàlá ilé kan lọ. Bí rédíò bá ti ní ìbọn dún ní Bakassi, wọ́n gbà pé ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ti dún. Wọ́n á ti àwo sẹ́yìn. Wọ́n á ní, "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi ná."

Ìwọ ọmọ-ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ yìí ò bá wọn láyé. Obìnrin gíga ni wọ́n, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn wọn ló tóbi jù nínú gbogbo ara wọn. Tí wọ́n bá ń kí èèyàn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó wà lójúde á dáhùn. Ilẹ̀ ò gbọdọ̀ mọ́ kí ọmọ tó wà nílé má lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀hún ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹ̀yìn tí a bá kí wọn tán ni wọ́n tó máa ń fi nǹkan kan ẹnu. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Wọn ò kàwé, èmi náà ò kàwé. Ohùn la fi ń mọ̀ pé ara ẹnì kejì yá.

Kí ìjà tó dé, ọdọọdún ni mò ń lọ wò wọ́n. A ó wọ mọ́tò láti Douala dé Tiko, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Calabar, a ó tún wá wọ mọ́tò títí dé ilé. Ojú omi yẹn gan-an ni àwọn sójà wá dúró sí. Bàbá àgbà rẹ, ọkọ mi, ní tí mo bá tún fẹ́ gba ibẹ̀, kí n kọ́kọ́ lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, torí pé òun ò ní í sin ìyàwó tí ẹja ti jẹ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà orí ilẹ̀ wà o, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń béèrè ní gbogbo oríta, kàtìdẹ sẹjúù, ìwé àṣẹ ìgbélùú, lónìí, ìwé mìíràn lọ́la, èmi tí mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ìwé kankan. Bí mo ṣe jókòó sí Douala nìyẹn.

Fóònù ìgbà yẹn, fóònù ìtòsí ọjà ni. A ó ránṣẹ́ sílé pé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kí Màmá lọ jókòó ní ilé fóònù. Èmi náà á lọ sí àdúgbò Akwa, màá tò sẹ́yìn èèyàn. Tó bá kàn mí, màá kúnlẹ̀ nínú àpótí gíláàsì wọn, màá bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Màmá á dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì béèrè tiwọn: ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ọjà ńkọ́, ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín nígbà kan ńkọ́. A ò ní í tíì kúrò lórí ìkíni tí ẹni tó ni fóònù á fi na ìka sókè pé ó tó. Ọ̀rọ̀ gan-an ò ní í tíì jáde lẹ́nu ẹnì kankan nínú wa.

Nígbà tó yá, fóònù alágbèéká dé. Ní Douala, àwọn obìnrin gbé tábìlì kékeré sábẹ́ agboòrùn káàkiri àdúgbò, wọ́n ń ta ìpè fún ẹni tí kò ní fóònù. Kọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀sì là ń pè wọ́n. Bàbá rẹ, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn mi, ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù, ó ní ṣọ́ọ̀bù kóńkó kan ní Akwa, òun ló sì fún mi ní fóònù tèmi. Ilé ìwé Faransé ló lọ, Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tiro.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ra fóònù kan fún Màmá. Inú gbogbo wa dùn, ṣùgbọ́n fóònù ọ̀hún ò bá wọn gbé. Bọ́tìnnì rẹ̀ rí wínníwínní. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé ìpè, wọ́n á pa á. Tí wọ́n bá fẹ́ pa á, wọ́n á pe ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Nígbà kan, wọ́n gbàdúrà pẹ́ fún ọkùnrin kan, wọ́n rò pé àbúrò mi ni. Ọkùnrin yẹn ò sì sọ pé òun kọ́, ó ń ṣe àmín lọ ní tirẹ̀.

Ó wá di pé ìyàwó àbúrò mi, tí òun àti Màmá jọ ń gbé, ló ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń bá wọn gbé e. Màmá ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọmọ mi sọ, ìyàwó ilé á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí ọbẹ̀." Ìyàwó náà kì í sì í sí nílé lọ́sàn-án, ó ń lọ sọ́jà. Fóònù á máa dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, Màmá á máa wò ó.

Lọ́jọ́ kan, rédíò tún sọ̀rọ̀ Bakassi. Ìyàwó àbúrò mi fi fóònù ẹlòmíràn pè mí.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Màmá ò jẹun látàná. Wọ́n ní ẹ ti kú, pé ńṣe la kàn ń tan àwọn."

"Gbé fóònù fún wọn."

"Ọjà ni mo wà, Àǹtí mi. Tí mo bá délé, màá pè yín."

Ó délé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà. Ọjọ́ kejì ni Màmá tó gbọ́ ohùn mi, ìgbà yẹn ni wọ́n tó mu ògì. Ìyàwó ní egungun ọrùn wọn ti yọ síta. Mo jókòó sórí báálì aṣọ ní Mboppi, mo mọ̀ pé tí a bá ń ṣe é lọ báyìí, ebi ló máa pa ìyá mi, kì í ṣe Bakassi.

Mo ti ìsọ̀ mi, mo lọ bá bàbá rẹ ní Akwa. Mo ní, "Ṣé o lè ṣe fóònù tí àgbà lè dá lò, tí kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni?"

Ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mama, ẹ jókòó. Ọwọ́ Màmá-àgbà, báwo ló ṣe rí?"

"Ọwọ́ ni."

"Ó ń gbọ̀n?"

"Díẹ̀."

"Ojú ńkọ́?"

"Wọ́n ń rí èèyàn. Wọn kì í rí imú onítọ̀hún."

Ó ní kí n tú gèlè mi kí n fi bojú. Mo bojú. Ó fi fóònù kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì kan, èyí tó bá wù mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mama, mẹ́rin lẹ tẹ̀ papọ̀! Ìka yín tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ."

"Ìka yìí náà ló nùdí fún ọ."

Àwọn oníbàárà tó dúró níta rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, ohùn ìyá ni wọ́n gbọ́.

Ó kọ́kọ́ lẹ àwọ̀ mọ́ bọ́tìnnì, pupa fún èmi, àwọ̀ ewé fún àbúrò mi. Ó gbé e fún àwọn ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa kí wọ́n dán an wò. Ìyá kan ní, "Pupa dà? Èmi ò rí pupa." Ó ṣí i kúrò. Ó wá gé rọ́bà ìsàlẹ̀ sílípáàsì, ó fi bo gbogbo ojú fóònù, ó sì dá ihò mẹ́ta péré sí i. Ó ní ohun tí wọn ò nílò, kí ọwọ́ wọn má tilẹ̀ rí i. Ó tún béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ọwọ́ Màmá á mọ̀ láìwò ó. Mo ronú sí i. Mo délé, mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú èyí tí Màmá fúnra wọn sín sí mi nídìí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó lẹ̀ ẹ́ sí ihò kìíní: èmi nìyẹn. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkùnrin wà nínú ihò kejì: àbúrò mi nìyẹn. Ó wá fi igi ìṣáná dábùú ihò kẹta, bí ọ̀pá tí a fi ń há ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni wọ́n á fi ti fóònù tí ọ̀rọ̀ bá tán. Tí wọ́n bá fi ìka mọ́lẹ̀ lórí ìlẹ̀kẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fóònù mi á dún ní Douala. Tó bá jẹ́ tiwọn ló ń dún, èyíkéyìí tí ọwọ́ wọn bá bà, ohùn á wọlé.

Ó ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀, torí pé èmi náà ò mọ nọ́ńbà kà.

Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tó ń bá bàálù lọ sí Èkó ló bá wa mú un lọ. Lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ìyàwó àbúrò mi pè wá. Ó ní Màmá kàn fi àtàǹpàkò pa ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lára, wọ́n wá ní, "Ọwọ́ mi ló sín èyí." Ẹkún gbà mí lẹ́nu. Bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ òun jẹ́.

A wá dúró de ìpè.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ ò dún. Èmi máa ń pe Màmá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì ń gbé e fúnra wọn, ìyẹn ti dára. Ṣùgbọ́n mi ò lè wà ní Douala kí n mọ ìgbà tí rédíò máa dẹ́rù bà wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí ìgbà yẹn gan-an la ṣe ṣe fóònù. Bàbá rẹ ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní bóyá ìlẹ̀kẹ̀ le jù, bóyá ó yẹ kí òun ti fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó pe ìyàwó àbúrò mi pé kó bá òun ṣọ́ Màmá.

Ìyẹn ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa o! Wọ́n tẹ bọ́tìnnì ọkọ mi lánàá, wọ́n bá a wí pé kò wá sílé fún ìkórè. Wọ́n bá a wí tán, wọ́n há ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, wọ́n kàn máa ń fọwọ́ pa á lára ni."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí rédíò tún gbé tirẹ̀ dé. Ìyàwó sọ fún mi lẹ́yìn ọjọ́ náà pé Màmá jókòó láti àárọ̀, fóònù wà lórí itan wọn, àwo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo pè wọ́n láti ọjà.

"Màmá, ẹ kú ilé o."

"Ọmọ mi. Ṣé o wà láyé?"

"Mo wà, Màmá. Kí ló dé tí ẹ ò tẹ ìlẹ̀kẹ̀?"

Wọ́n ní, ọjà ńkọ́.

"Ṣé ó le ni?"

"Kò le."

"Àbí ẹ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

"Kí wá ni, Màmá?"

"Ìwọ. Ta ló bí ta, nínú èmi àti ìwọ?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Kí n wá jí lówùúrọ̀, kí n lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ tí mo bí pé kó dìde kó wá kí mi? Ìkíni téèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ tọrọ, ṣé ìkíni nìyẹn? Mo lè pe ọmọ mi kí n bá a wí. Mi ò lè pè é kó wá kí mi."

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí bí omi tútù. Bàbá rẹ ti ro ti ìka, ó ti ro ti ojú. Èmi tí wọ́n fi ìkíni tọ́ dàgbà, mo jókòó tì í, mo ń yọ ìlẹ̀kẹ̀ fún un, kò sì sọ sí mi lọ́kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ro fún wọn nílé bí a ti ń jẹun. Bàbá rẹ yanu.

"Ṣùgbọ́n fóònù ni, Mama. Kì í ṣe ilẹ̀kùn."

Bàbá àgbà rẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ilẹ̀kùn ni, ìwọ ọmọ Faransé."

"Ó dáa, Papa, ilẹ̀kùn ni." Ó yíjú sí mi. "Tí Màmá-àgbà bá wà nílé wọn, tí ẹ̀yin wà nínú yàrá, tí wọ́n fẹ́ rí yín, tí wọn ò sì fẹ́ pè yín. Kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

Mo fẹ́ dáhùn. Kí n tó dáhùn, bàbá àgbà rẹ wúkọ́. Ikọ́ kékeré ni, bí ẹni pé egungun ẹja há a lọ́fun. Mo ti dìde dúró kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Ọwọ́ mi ti nà sí ìgò omi.

Bàbá rẹ wo bàbá rẹ̀, ó wò mí bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí mo gbé omi dání. Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Vuwalà! Ó ti yé mi."

Ohun tó yé e nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ Douala máa ń pe ara wọn, tó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pa á. Bíípù ni wọ́n ń pè é. Ará Nàìjíríà ń pè é ní fíláàṣì. Ẹni tó ní fóònù á rí i pé ẹni báyìí ń wá òun, òun ló máa wá pè padà. Tiwọn, torí pé káàdì ò sí lórí fóònù wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Bàbá rẹ ní, "Màmá-àgbà ò ní í pè yín. Wọ́n á kàn wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹ̀yin lẹ máa jáde wá kí wọn."

Mo pe Màmá lọ́jọ́ kejì.

"Màmá, ẹ má pè mí o. Ẹ kàn máa wúkọ́ ni."

"Kí n máa kí ni?"

"Ẹ fọwọ́ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Tí ẹ bá ti gbọ́ tó dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ há ilẹ̀kùn. Màá gbọ́, màá sì wá kí yín."

"Mi ò pè ọ́?"

"Ẹ ò pè mí."

"Mo kàn ń kọjá lọ ni?"

"Ẹ kàn ń kọjá lọ ni, Màmá."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, fóònù dún. Bàbá àgbà rẹ ló sún mọ́ ọn jù. Òun kì í sì í jẹ́ kí fóònù dún lásán, ó já a gbà, ó ké, "Àlóò! Àlóò!" Ẹnì kankan ò dáhùn. Ikọ́ ló gbọ́, ikọ́ gidi, lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ti tẹ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n wá fẹnu ara wọn wúkọ́ sí i, kí ó lè dájú. Nígbà tí bàbá àgbà rẹ mọ̀ pé ìyá ìyàwó òun ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀, tòun tẹ̀wù àwọ̀sùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá!"

"Èmi ò pè yín o, àna mi. Mò ń wúkọ́ tèmi ni."

Láti ọjọ́ yẹn la ti kà á léèwọ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù mi.

Bó ṣe wọlé nìyẹn. Ìyàwó àbúrò mi ń gba iná sí fóònù lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀, àbúrò mi ń fi káàdì sí i láti Ìbàdàn. Àárọ̀ kì í mọ́ tán kí Màmá má tíì wúkọ́. Màá pè wọ́n padà, màá kúnlẹ̀ níbi tí mo bá wà, wọ́n á dáhùn, wọ́n á wá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ọjọ́ tí rédíò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á tún wúkọ́ lọ́sàn-án. Ọkùnrin ẹ̀yà Bàmìlékè kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi ní Mboppi ti mọ̀ ọ́n. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ oníbàárà tí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, á ké sí mi ní pìjìn pé ìyá mi ń wúkọ́, "Mami! Yọ mama di kọọf!" Gbogbo ìlà aṣọ á rẹ́rìn-ín, èmi á sáré. Ìyàwó sọ pé ẹran ara Màmá ti ń padà, pé wọ́n ti tún ń ṣépè fún àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ ewé wọn.

Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́, wọ́n ń wá bá bàbá rẹ pé kó ṣe irú rẹ̀ fún ìyá àwọn náà nílé. Kò ṣe ẹyọ kan bí èkejì. Ó ní kí oníkálukú sọ ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe tó bá ń wá ọmọ tí kò sì fẹ́ pè é. Ọkùnrin kan ní ìyá òun máa ń kọrin ìsìn ni. Òmíràn ní tòun á kàn máa gbálẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ojú wọn á sì ti máa ṣomi.

Ọdún tí wọ́n ní kí Nàìjíríà kó sójà rẹ̀ kúrò ní Bakassi, òjò Douala ò mọ̀wọ̀n. O mọ bí àdúgbò wa, New Bell, ṣe ń rí tí omi bá gba inú rẹ̀. Omi wọlé bá wa láàárọ̀, ó gbé ìjókòó, bí mo ṣe ń gbé àpótí aṣọ sókè, ìgbọ̀nwọ́ mi gbá fóònù bọ́ sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo máa rí i yọ, kò mí mọ́.

Bàbá rẹ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Garoua, lókè àríwá. Mo gba ọ̀dọ̀ kọ́ọ̀lù-bọ́ọ̀sì lọ. Ọmọbìnrin ibẹ̀ gbé fóònù sókè, ó ní, "Mama, nọ́ńbà?" Mo la ẹnu. Mi ò ní nọ́ńbà kankan. Ti Màmá, ti àbúrò mi, ti bàbá rẹ pàápàá, ìka ni mo fi mọ gbogbo wọn. Ohun tí bàbá rẹ fi mú un rọrùn fún mi náà ló mú kí n dúró níbẹ̀ bí ẹni tó sọ ahọ́n nù. Mo bi àwọn ará ilé wa tó wà ní Mboppi, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà wọn.

Ọ̀rọ̀ Bakassi ni gbogbo rédíò sì ń sọ. Ní Mboppi, wọ́n ń sọ pé kò séwu, kí kálukú máa tajà rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé Màmá ti wúkọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n tún wúkọ́, pé mi ò jáde. Bàbá àgbà rẹ gbé oúnjẹ síwájú mi, mo wò ó, mi ò lè gbé e mì. Ó ní, "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀." Mo ti àwo sẹ́yìn.

Bàbá rẹ dé lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò dá díẹ̀. Kò tilẹ̀ délé, ọjà ló ti bá mi. Mo fún un ní òkú fóònù. Ó yọ sím-káàdì inú rẹ̀, ó fi aṣọ ìsọ̀ mi nù ún, ó tì í sínú fóònù mìíràn tó mú dání. Ó tàn án. Kò tíì dé ẹ̀yìn rẹ̀ tán tí fóònù fi dún.

Mo ní, "Ikọ́ Màmá nìyẹn. Jẹ́ kó dákẹ́, ká pè wọ́n."

Kò dákẹ́. Ó dún, ó dún, ó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. A wo ara wa. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé e, Mama."

"Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á há a."

"Mama, èyí kì í ṣe ikọ́. Ẹ gbé e."

Mo gbé e sétí. Kí n tó ráyè kúnlẹ̀, kí n tó la ẹnu, wọ́n ti sọ̀rọ̀.

"Ṣé dáadáa lo jí?"

Màmá mi ló kọ́kọ́ kí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n fi oríkì mi pè mí. Wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọjà, wọn ò dúró de ìdáhùn, bí ẹni tó ń da omi sí ewéko tó ti ń rọ. Mo ti wà lórí eékún mi láàárín báálì méjì, mi ò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Ohùn ò jáde.

"Mo ti kan ilẹ̀kùn," ni wọ́n wí. "Sọ̀rọ̀."

"Ẹ... ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Ọ̀sán ti pọ́n níbí."

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Hẹn-ẹn."

 Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n má há ilẹ̀kùn o, kí n dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ohùn ńlá wọn sókè pe ìyàwó ilé pé kó gbé ẹ̀kọ yẹn wá. Ìyàwó dáhùn láti ọ̀nà jíjìn pé ọbẹ̀ ti tutù, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e kaná. Wọ́n ní, "Gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ ń fi ojú bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó dákẹ́. Ọkùnrin Bàmìlékè náà dá oníbàárà rẹ̀ dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n bó ewé ẹ̀kọ. Mo gbọ́ tí àwo kan ilẹ̀. Wọn ò bá mi sọ nǹkan kan mọ́, èmi náà ò sọ nǹkan kan. Mo di fóònù mọ́ etí, mo ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń jẹun.